Wọ́n Ní Mo Fẹ́ Wó Ilé Bàbá Onílé

Ẹ̀yìnkùlé ilé tí mò ń gbé ní Ìgàndó ní òórùn tirẹ̀ láàárọ̀. Ewédò tó hù sára kànga, omi ọṣẹ tó dá rọ́gún sẹ́yìn balùwẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀ tó ti rin ilẹ̀, àti tùràrí tí Bàbá Onílé máa ń sun nínú yàrá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, gbogbo rẹ̀ á pò pọ̀ di ọ̀kan. Bí ìwọ bá gba ibẹ̀ kọjá, ó ṣeé ṣe kí o fọwọ́ bomú. Èmi kì í bomú. Bí òórùn yẹn bá ti kàn mí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì á mọ̀ pé ó ti yá. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ìgbà kónílé-ó-gbélé àrùn Kòrónà, nígbà tí wọ́n fẹ́ torí ẹsẹ̀ yìí kan náà lé mi jáde nínú ilé.

Iṣẹ́ mi ni kíka mítà iná. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀wé kà. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ, ìyàwó mi ló sì tì mí lọ. Ìwé díẹ̀ yẹn ló fún mi níṣẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn láti òpópónà dé òpópónà, láti Ìgàndó dé Ìṣẹ̀rí-Olófin, nígbà mìíràn dé Ìdímù, tí ajá ń gbó mi, tí àwọn èèyàn ń dúró nínú ilé wọn tí wọ́n ń dá mi lóhùn pé àwọn kò sí nílé. Bàbá Mítà ni gbogbo ilé wa ń pè mí. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí àlejò bá dé, ìyàwó mi á ní, “Ẹ má bínú sí ọkọ mi o. Ẹsẹ̀ ló fi ń ronú.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló ń sọ.

Ó kú ní ọdún tó ṣáájú àrùn náà. Àìsàn rẹ̀ kò yára, kò sì pariwo. Inú yàrá wa ló ti lò ó. Bí ó bá fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kì í jẹ́ kí n gbé òun, á na ọwọ́ òsì sí ògiri, á fi ti ara rẹ̀ sókè, á ní, “Fi mí sílẹ̀, mo ṣì lágbára.” Ojú kan náà ló máa ń fọwọ́ tì. Àdín tí mo fi ń pa á lára wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, nígbà tó sì yá, ọ̀dà ibẹ̀ pọ́n, ó ń dán, àmì ọwọ́ kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé. Lẹ́yìn tí a sin ín, ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Àgbàdo fẹ́ bá mi fi ọṣẹ fọ ògiri náà. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó wo ojú mi, ó gbé kànrìnkàn rẹ̀ sílẹ̀.

Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí ikú yẹn rí mi mú. Bí mo bá ń rìn, ìbànújẹ́ a máa bá mi rìn, àmọ́ kì í ráyè jókòó lé mi láyà. Nígbà tí ìjọba wá ní kí oníkálùkù gbélé, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n dè. O rántí bí ìlú ṣe rí. Kò sí kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń pe Ìyànà Ìpájà mọ́. Bí ẹnìkan bá ti ilẹ̀kùn ní òpópónà kejì, a ó gbọ́ ọ. Rédíò ń ka iye àwọn tó kó àrùn, ó ń ka iye òkú.

Mo dùbúlẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ mo pè é ní ìsinmi. Nígbà tó ṣe, n kò mọ orúkọ tí mo lè pè é mọ́. Mà á jí, mà á wo àmì ọwọ́ yẹn, mà á tún sùn. Oúnjẹ kò wù mí. Kò sí ibi kan pàtó tó ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan kan tó dùn mọ́ mi. Ìró ìgbálẹ̀ lásán a máa bí mi nínú. Ní òwúrọ̀ kan, mo lọ fa omi ní kànga. Mo bẹ̀rẹ̀, n kò sì lè nàró mọ́. Orúnkún mi le bí igi. Mo di etí kànga mú bí ìyàwó mi ṣe máa ń di ògiri mú. Ìyá Onílé, ìyàwó Bàbá Onílé, ń kọjá lọ. Mo fẹ́ kí i, ohùn kò jáde. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti lò ó.

Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀. Mo wí fún ara mi pé bí ọkùnrin yìí bá padà sórí bẹ́ẹ̀dì lónìí, kò ní í dìde mọ́. Mo fi garawa sílẹ̀ létí kànga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ilé ilẹ̀ tó gùn ni ilé náà, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín. Àlàfo tóóró kan wà láàárín ilé àti ògiri ọgbà, ó yí ilé ká. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì ni okùn aṣọ wà, mo sì ní láti tẹrí ba kí ṣòkòtò àwọn èèyàn má bàa gbá mi lójú. Ẹ̀yìn ni kànga àti balùwẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kún fún àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti jẹnẹrétọ̀ kan tó ti kú kí n tó kó débẹ̀. Mo yí ilé náà po. Mo tún yí i po. Nígbà tí oòrùn fi yọ, òógùn ti bò mí, ebi sì ń pa mí. Ebi! Ó ti pẹ́ tí a ti ríra. Mo jẹ ẹ̀bà àná ní tútù, ó sì dùn.

Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ń là báyìí, mà á bẹ̀rẹ̀. Mo ń bọ́ bàtà nítorí sílípáàsì mi ń dún pàtì-pàtì, n kò sì fẹ́ jí ẹnikẹ́ni. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò pénpé funfun ni mò ń wọ̀, torí àwọn ló ti gbó tó ohun tí a lè fi làágùn. Mo ń dákẹ́ nítorí bí mo ṣe rí nìyẹn. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Mi ò sọ pé inú mi dùn o. Mo ní àyà mi fúyẹ́. Mo tún ń gbọ́ ìró ẹyẹ. Mo fọ aṣọ mi. Lọ́jọ́ kan mo bá ara mi níbi tí mo ti ń fi ìka lu etí kànga bí ẹni ń gbọ́ orin.

Ṣé o mọ irú ilé tí mò ń sọ? Bàbá Onílé jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà, àwọn aláṣọ funfun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayálégbé rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìjọ. Èmi náà máa ń bá ìyàwó mi lọ nígbà ayé rẹ̀, mà á jókòó lẹ́yìn. Lójú àwọn èèyàn wọ̀nyí, ẹni tó bọ́ bàtà, tó wọ funfun, tó ń yí nǹkan po ní ìdájí láìlanu, kò sí ohun mìíràn tó ń ṣe: iṣẹ́ àdúrà ni. Ìbéèrè tó kù ni pé, ta ló ń gbà á sí?

Ìdáhùn kò jìnnà: Bàbá Onílé ni. Kí àrùn tó dé, Bàbá Onílé ti sọ fún gbogbo wa pé òun máa tó wó àwọn ògiri àárín yàrá, pé òun fẹ́ sọ ilé náà di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ayálégbé kùn. Èmi nìkan ni kò kùn, torí pé èmi kì í kùn. Ó wá di pé ọkùnrin tí kò kùn yẹn ló ń yí ilé po ní àràárọ̀ láìwọ bàtà.

Télọ̀ tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tèmi ló là mí lójú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, mùsùlùmí, aláwàdà ni pẹ̀lú. Ìbòmú ló ń rán nígbà náà, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dá mi dúró nídìí okùn aṣọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ló máa wó?”

“Kí ni?”

“Ilé ni, jàre. Wọ́n ní Jẹ́ríkò lẹ̀ ń ṣe fún Bàbá Onílé. Èmi ò sí nínú ọ̀rọ̀ àdúrà yín o. Àmọ́ bó bá ti kù díẹ̀, ẹ ṣáà wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi, kí n lè gbé ẹ̀rọ mi jáde.”

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó búra. Ó ní Ìyá Onílé ń fi ẹfun fa ìlà sára ògiri ilé ìdáná ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá lójú fèrèsé rẹ̀. Èmi tí mò ń rìn, n kò ka ìyípo mi rí. Àwọn ni wọ́n ń bá mi kà á.

Jẹ́ríkò. Ìtàn yẹn wà lára ohun tí mo kọ́kọ́ fi ojú ara mi kà ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe yí ìlú po láìsọ̀rọ̀ títí ògiri fi wó. Mo wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà. Mo wo síńgílẹ́ẹ̀tì mi. Ẹ̀rín ti inú mi gbọ̀n jáde, èyí tí mo ti rò pé ó bá ìyàwó mi lọ.

O lè bi mí pé kí ló dé tí n kò wá ṣàlàyé fún wọn. Kí ni kí n ṣàlàyé? Ẹsẹ̀ mi ni. Ilé tí mò ń sanwó rẹ̀ ni mò ń yí po. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi, ìdákẹ́ ló kó o.

Ilé wá pín sí méjì. Àwọn tí kò fẹ́ kí ilé di ṣọ́ọ̀bù gbà pé ètò onílé ni mo fẹ́ fi àdúrà wó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà mi, mọ́ínmọ́ín eléwé, ẹ̀kọ gbígbóná. Obìnrin kan tó ń gbé yàrá iwájú kúnlẹ̀ kí mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, “Ẹ má sinmi o, sà. À ń tì yín lẹ́yìn.” Àwọn tó bẹ̀rù Bàbá Onílé, bí mo bá ń bọ̀, wọ́n á wọ́ àwọn ọmọ wọn wọlé. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín náà. N kò béèrè ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sè é.

Ọmọ mi pè láti Àgbàdo. Ìyá Onílé ló ti pè é.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń ṣe gan-an? Wọ́n ní ẹ kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ kàn ń yí ilé po.”

“Mò ń rìn ni.”

“Lọ síbo, nígbà tí gbogbo ayé wà nílé?”

“Kò síbi kankan.”

“Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ? Bàbá, ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣí ọ̀nà, mà á wá kó yín wá sọ́dọ̀ mi.”

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Àwa Yorùbá, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, ìjókòó ni oògùn wa. A ó tẹ́ ẹní, a ó ní kí ẹni tó ṣòfò jókòó, a ó jókòó tì í. Ó dára ní ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìjókòó tí kò lópin, ibojì ni òun náà, àfi pé wọn kò tíì bo yèèpẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Onílé fúnra rẹ̀ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ó sanra, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì pa ni ojú rẹ̀ ti le. Ó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà nítorí iyọ̀, ó ń bá rédíò jà.

“Bàbá Mítà, ohun tí ò ń ṣe yẹn, mo mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Má kí mi. Bí o bá tún yí ilé mi po, tí wọ́n bá ti ṣí ìlú báyìí, kó ẹrù rẹ.”

“Ẹ ṣé, sà.”

“Ṣé o máa fi í sílẹ̀?”

“Rárá, sà.”

Mo wọlé, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo wo àmì ọwọ́ náà. Bí mo bá dẹ́kun ìrìn, mo mọ ibi tí mò ń lọ: orí bẹ́ẹ̀dì yìí, kí n kọjú sí ògiri títí yóò fi parí. Bí mo bá sì rìn, yàrá náà á bọ́ lọ́wọ́ mi, tòun ti ògiri àti ohun tó wà lára rẹ̀. N kò rí ọ̀nà kẹta. Ìyàwó mi ìbá rí i. Òun ló máa ń rí ọ̀nà kẹta nínú àwa méjèèjì. Mo wá rántí bó ṣe máa ń na ọwọ́ yẹn. Kò fọwọ́ ti ògiri kí ó lè wà níbẹ̀. Ó ń fọwọ́ tì í kí ó lè dìde ni. Bí ilẹ̀ ṣe ń là, mo bọ́ bàtà, mo jáde. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta. Ìyá Onílé rọra ti fèrèsé rẹ̀ pa bí mo ṣe ń kọjá.

Òjò ló wá da gbogbo rẹ̀ rú, tàbí kí n ní òun ló tún un ṣe. Ó rọ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, irú òjò àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀ tìjì-tìjì. Ògiri ọgbà tó wà lẹ́yìn kànga, búlọ́ọ̀kù lásán tí kò ní irin nínú, tó ti ń fì láti ọjọ́ pípẹ́, gbin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlàjì rẹ̀ wó sọ́dọ̀ aládùúgbò, ìlàjì rẹ̀ wó sọ́dọ̀ wa. Kò bá ẹnikẹ́ni, àmọ́ ariwo sọ. “Jésù!” “Ó ti wó! Ó ti wó o!” Ẹnìkan pàtẹ́wọ́. Télọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lérí, ó sáré bọ́ sínú òjò níwájú ilé, ó ń ké pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò wúkọ́! Ẹ ò wúkọ́!”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ilé ti jí ṣáájú mi. Wọ́n wà lójú fèrèsé, wọ́n wà lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìbòmú wọn wà ní àgbọ̀n, wọ́n ń wò ó bóyá mà á jáde. Mo jáde. Mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun mi. Mo bọ́ bàtà mi. Ilẹ̀ tutù, búlọ́ọ̀kù tó ti mumi yó ń rùn bí amọ̀. Bí mo ṣe yí dé ẹ̀yìn, mo bá Bàbá Onílé nínú sùtánà funfun rẹ̀, agogo àdúrà lọ́wọ́ kan, ìgò omi lọ́wọ́ kejì. Ó dí ọ̀nà.

“Dúró níbẹ̀!”

Mo dúró.

“Ṣé ọkàn rẹ ti wá balẹ̀? Ògiri mi rèé.”

“Òjò ni, sà.”

“Òjò! Ta ló ń yí i po láìlanu? Ta ló bọ́ bàtà?”

“Bàbá, mo ka ìtàn yẹn. Fèrè wà lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyẹn. Fèrè tèmi dà?”

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. Bàbá Onílé kò rẹ́rìn-ín.

“Ògiri mi ò dúró de fèrè!”

Fèrèsé yàrá mi kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Mo nawọ́, mo ṣí i láti ìta, mo ní kó wo inú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀, bí ẹni pé ejò wà níbẹ̀. Ó wá yọjú.

“Àmì tó wà lára ògiri yẹn, sà, ọwọ́ ìyàwó mi ni. Ibẹ̀ ló ń fọwọ́ tì kó tó dìde. Ṣé èmi ni mà á wá máa gbàdúrà kí ògiri yìí wó? Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ fẹ́ wó o. Èmi, mò ń rìn ni. Ọjọ́ tí mi ò bá rìn, kì í wù mí kí n jí. Bí ẹ bá lé mi, mà á lọ máa rìn níbòmíràn. Àmọ́ mi ò ní í jókòó.”

N kò rò pé mo ti sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn rí. Télọ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun kọ́kọ́ rò pé rédíò ni.

Bàbá Onílé kò yọ orí kúrò lójú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Ó mọ ìyàwó mi. Òun ló gbàdúrà lé e lórí níkẹyìn, lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, àmọ́ alẹ́ ni, kò rí ògiri. Nígbà tó yíjú padà, ó wo òkìtì búlọ́ọ̀kù, ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó rọra gbé agogo sórí kànga, ó gbé ìgò tì í.

“Mo gbọ́,” ó ní. “Àmọ́ mi ò tíì gbà ọ́ gbọ́ tán. Bí o bá máa rìn, èmi náà á wà lẹ́yìn rẹ. Mo fẹ́ máa wo ẹnu rẹ, bóyá ó ń mì.”

“Iwájú ni ẹnu mi wà, sà. Ẹ̀yìn lẹ ní ẹ máa wà.”

“Má bá mi jiyàn.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo gun orí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kọjá, ó di ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì mi mú kó má bàa ṣubú, ó sì tẹ̀ lé mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò lè yí ilé náà po tán. Ó dúró nídìí okùn aṣọ, ó ń mí bí ẹwìrì tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ iná, ó ní òun fẹ́ wo ìpìlẹ̀ ilé òun níbẹ̀ ni. Mo dúró, mo bá a wo ìpìlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá. Ó ní òun ń ṣọ́ ilé òun. Ó ṣọ́ ọ lójoojúmọ́, nínú bùbá àtijọ́ kan, láìwọ bàtà, títí ẹsẹ̀ tó wú yẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ní ọrùn bí ẹsẹ̀ èèyàn. Ìyá Onílé kò fa ìlà mọ́. Ó sọ fún télọ̀ pé ọkọ òun ti ń jẹ ọbẹ̀ láìbéèrè iyọ̀. Mọ́ínmọ́ín tèmi sì dáwọ́ dúró. Wọ́n ní onílé ti rà mí.

Ní òwúrọ̀ kan, nígbà tí a ń kọjá lẹ́yìn balùwẹ̀, ohùn rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn mi, ó lọ sílẹ̀.

“Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Mítà, kò tún sẹ́ni tó ní kí n ṣe nǹkan kan fún òun mọ́.”

N kò bojú wẹ̀yìn. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, kò ní í lè sọ èyí tó kù. Mo dín ìrìn mi kù kó lè máa bá mi. Ó sọ èyí tó kù. Mi ò ní í sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú, ọmọ mi wá láti Àgbàdo pẹ̀lú àpò ńlá tó fẹ́ fi kó ẹrù mi. Ó bá wa lẹ́yìn ilé, èmi níwájú, Bàbá Onílé lẹ́yìn, a ń tẹrí ba lábẹ́ ṣòkòtò. Ó dúró, ó fọwọ́ lẹ́rán. “Ẹ̀yin àgbà yìí,” ó ní, “ta ló ń lé yín?” Ó gbé àpò náà lọ lófìfo.

Bàbá Onílé kò fi ẹnu sọ pé kí n má kó lọ mọ́. Mo padà sí iṣẹ́, mo ń sùn nínú yàrá mi, kò sẹ́ni tó bi mí. Ó sọ àwọn yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́. Obìnrin yàrá iwájú tó kúnlẹ̀ kí mi nígbà náà kó lọ sí Ìkọ̀tún. Ó kí mi ní tútù lọ́jọ́ tó ń lọ. Bàbá Onílé kò fọwọ́ kan àwọn yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí bíríkìlà wá mọ ògiri ọgbà náà padà, Bàbá Onílé ní kó kó àwọn àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kúrò, kó gbé jẹnẹrétọ̀ tó ti kú yẹn sọnù, kó sì da kọnkéré tó tẹ́jú yí ilé ká. Bíríkìlà ní kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe, Bàbá. Ó ní kó da kọnkéré, kó yé béèrè.

Bàbá Onílé ti dàgbà ju kó máa rìn lọ báyìí. Wọ́n máa ń gbé àga fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga lówùúrọ̀. Bí mo bá ti yọ, á tẹjú mọ́ mi, á ní, “Ẹnu rẹ ń mì!” Mà á ní, “Irọ́ ni, sà.” Ọ̀rọ̀ tí a ń bá ara wa sọ kì í ju ìyẹn lọ, ó sì tó wa.

Ìbànújẹ́ kò tíì gbàgbé ilé mi. Ó mọ yàrá, ó mọ bẹ́ẹ̀dì, ó mọ ẹ̀gbẹ́ tí mo máa ń fi sùn. Àwọn òwúrọ̀ kan wà tó máa ń dé ṣáájú kí n tó jí. N kì í bá a jà, n kì í sì í tẹ́ ẹní fún un. Mà á na ọwọ́ òsì, mà á fi ti ògiri níbi tí ọwọ́ ìyàwó mi wà, mà á dìde, mà á fi bàtà sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ìbànújẹ́ bá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá mi sọ, kó wá bá mi lẹ́yìn ilé. Kó sì múra àtirìn.